Àwọ̀ Méjì Tí O Fi Ránṣẹ́ fún Ògiri Pálọ̀

Ọmọ mi obìnrin,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́ rẹ, mo kí ilé tí o ń gbé, mo sì kí àtẹ̀gùn gíga tí o sọ pé o máa ń gùn lójoojúmọ́ kí o tó dé ẹnu ilẹ̀kùn rẹ. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí orúnkún rẹ mọ̀ ọ́n lára. Ibi yòówù tí lẹ́tà yìí bá ti bá ọ, kó bá ọ nínú ara líle àti ọkàn tó fúyẹ́. Àwa náà wà, a ò ráhùn. Ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá rẹ ti rọlẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sì tún ti ń dún láràárọ̀ débi pé ilẹ̀ ò lè mọ́ kí n tún fojú kan oorun. Òrùlé tí o ní ká tún ṣe, wọ́n ti tún un ṣe. Òjò ti rọ̀ lé e lórí, a gbé abọ́ sílẹ̀ ní pálọ̀ bí a ṣe máa ń ṣe, abọ́ gbẹ táútáú. Ìyá rẹ ní ká ṣì fi abọ́ náà síbẹ̀ ná, pé òjò kan lè wà tó mọ ọ̀nà tí àwọn yòókù ò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ ògiri ni mo tìtorí rẹ̀ mú bírò. Mo mọ̀ pé o ti ń retí kí n sọ èyí tí a mú nínú àwọ̀ méjèèjì tí o fi ránṣẹ́ fún pálọ̀, o ti pè, o tún pè, ìyá rẹ sì ń sọ fún ọ pé a ṣì ń rò ó. Kò parọ́ fún ọ. À ń rò ó lóòótọ́, àmọ́ ohun tí à ń rò ti kọjá ọ̀dà, mi ò sì lè sọ ọ́ lórí fóònù nítorí pé bí mo bá ti rántí pé owó ń lọ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ á kúrò lẹ́nu mi. Torí náà wá ibì kan jókòó sí, kí o kà á díẹ̀díẹ̀.

Ọjọ́ tí àwòrán méjèèjì wọlé, mo wò wọ́n, mo sì rí i pé ẹyọ kan náà lo fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ọmọ yìí ti ń náwó ní ìnákúnàá, torí mo mọ̀ pé wọ́n ń gbowó lórí gbogbo àwòrán tó bá gba ojú ọ̀run kọjá. Ìyá rẹ gba fóònù, ó wò ó, ó ní ọ̀kan jẹ́ àwọ̀ ewé, èkejì jẹ́ àwọ̀ eérú, pé ewé náà ò tutù jù ló ṣe dà bíi pé wọ́n fẹ́ jọra. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó dá fóònù padà fún mi, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo tún wò ó, ọ̀kan náà ni. Mo wá rántí pé ọ̀dà inú agolo máa ń silẹ̀ bí wọn ò bá rò ó pọ̀, mo ní ó lè jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti inú fóònù, ni mo bá gbọ̀n ọ́n dáadáa. Kò yí padà. Mo gbé e sínú oòrùn kí àwọ̀ náà lè jáde, ó gbóná, ó sì kú. Nígbà tó jí, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún fóònù ṣe létí títì, mo ní àwọ̀ ewé inú rẹ̀ ti tán, kó bá mi rọ òmíràn sí i. Ó wò mí títí. Ó ní fóònù mi ò ní àrùn kankan. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kí n fura sí i.

Owó tí o fi ránṣẹ́ fún ọ̀dà wọlé. Mo lọ gbà á lẹ́nu ẹ̀rọ tó wà lára ògiri báńkì, ẹ̀rọ tí mo ti sọ fún ọ tipẹ́ pé kò fẹ́ràn mi. Ó ní kí n tẹ bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé bí mo bá gbà. Mo tẹ̀ ẹ́, ó ní òun ti gbọ́ pé mi ò ṣe mọ́, ó sì tu káàdì mi síta bí ẹni tu eegun ẹja. Mo bẹ̀ ẹ́, mo tún tẹ̀ ẹ́, ó tún tu ú. Ẹ̀ṣọ́ tó dúró níbẹ̀ ló wá bá mi tẹ̀ ẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ní kó bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó wà nínú ògiri tó ń na owó náà síta, torí inú ibẹ̀ á máa móoru.

Pẹ́ńtà ni mo pè sí iṣẹ́ náà. O mọ̀ ọ́n, ọ̀rẹ́ mi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ tèmi ní gbogbo ìgbà tí mo fi ṣe iṣẹ́ káfíńtà, tó jẹ́ pé bí mo bá kan àga tàbí kọ́bọ́ọ̀dù tán, òun ló ń kun ún. Ó ní ká má gbára lé àwòrán inú fóònù, pé ọ̀dà kì í sọ òótọ́ nípa ara rẹ̀ títí á fi gbẹ lára ògiri tí wọ́n fẹ́ kùn gan-an. Ó lọ ra agolo kékeré kọ̀ọ̀kan nínú méjèèjì, ó fi sáńpépà ha ibi tí omi òjò ti ba ògiri jẹ́, ó sì kun ojú ibi méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ilẹ̀kùn. Ó ní ká máa wò ó láàárọ̀, lọ́sàn-án, àti nígbà tí a bá tan iná, nítorí àwọ̀ tó dára lójú oòrùn lè di nǹkan mìíràn lábẹ́ gílóòbù.

Nígbà tó gbẹ, ó pè mí. Ìyá rẹ wà nídìí ẹ̀rọ, àwọn obìnrin tó ń ránṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀ sì jókòó sórí bẹ́ńṣì, wọ́n ń dúró de aṣọ wọn. Mo dúró síwájú ògiri, mo wo apá òsì, mo wo apá ọ̀tún. Ọmọ mi, ọ̀kan náà ni. Bí kì í bá ṣe ìlà funfun tó fi sílẹ̀ láàárín, ǹ bá má mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Mo rò pé ó ti ṣí agolo kan ṣoṣo, ó fi kun méjèèjì, ó sì ti gbé èkejì lọ kun ilé ẹlòmíràn. Mo sì sọ ọ́ jáde níwájú gbogbo wọn. Mo ní mi ò mọ̀ pé ó lè ṣe irú èyí sí mi, pé owó ọmọ mi ni, ọmọ tó jẹ́ pé àtẹ̀gùn ló ń gùn kó tó rí ilé wọ̀. Pẹ́ńtà rò pé mò ń ṣàwàdà, ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé ojú mi le, ó gbé agolo méjèèjì wá, ó ṣí wọn. Mo wo inú wọn, mo ní ó ti da ti ọ̀kan sínú èkejì. Kò bá mi jà. Ó nu búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó nù ún pẹ́, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó kí ìyá rẹ pé ó dàbọ̀, ó kí àwọn obìnrin náà, kò kí mi, ó sì lọ. Àkàbà rẹ̀ wà lára ògiri wa, kò bojú wẹ̀yìn wò ó.

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ní kí n má bínú, ṣùgbọ́n òun rí ewé lápá òsì o. Mo ní àánú ló ń ṣe é. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó wọ ilé wa tí mi ò mú dé iwájú ògiri yẹn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ń mú wọn wọlé, bí ọlọ́pàá ṣe ń mú ẹlẹ́rìí, kí ẹnì kan má bàa gbọ́ ohun tí ẹnì kejì sọ. Tíṣà tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa ní ewé lósì, eérú lọ́tùn-ún. Ẹni tó wá ka mítà iná náà sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò mọ èmi, kò mọ Pẹ́ńtà. Mo ní Pẹ́ńtà ti ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ti kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n máa sọ.

Gbogbo ìgbà yẹn, ìyá rẹ ò sọ̀rọ̀. Mo rò pé ó gbè sẹ́yìn mi ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí kò sí oníbàárà, mo gbọ́ tí ẹ̀rọ rẹ̀ dákẹ́. Ó pè mí wọ yàrá, mo bá gbogbo aṣọ mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní kí n kó àwọn tí àwọ̀ wọn bára mu sójú kan. Mo ṣe é kíá, mi ò tilẹ̀ rò ó, ṣebí mo mọ aṣọ mi. Nígbà tí mo ṣe tán, mo yíjú sí i pé kó yìn mí, mo rí i pé omi ti kún ojú rẹ̀. Ó mú ṣẹ́ẹ̀tì kan nínú òkìtì kan, ó ní pupa lèyí. Ó mú òmíràn nínú òkìtì kan náà, ó ní ewé lèyí. Ó mú ẹ̀kẹta, ó ní eérú. Ó wá yí ọrùn wọn padà, ó fi kókó òwú tó rán sí abẹ́ rẹ̀ hàn mí, ọ̀kan fún pupa, méjì fún ewé, eérú ò ní. O rántí bó ṣe máa ń sọ fún mi láàárọ̀ pé kí n wọ èyí tó ní kókó kan mọ́ ṣòkòtò báyìí? Mo rò pé torí olè ni, kí wọ́n má bàa jí aṣọ wa lórí okùn.

Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti mọ̀. Nígbà tí o ṣì wà nínú rẹ̀, mo lọ ra aṣọ fún un, mo ní mo ti yí gbogbo ọjà po kí n tó rí èyí tó bá báàgì rẹ̀ mu. Eérú ni báàgì náà. Aṣọ tí mo rà, ó ní ewé tó ń pariwo ni. Ó ní òun wo ojú mi, òun rí bí inú mi ṣe ń dùn, òun sì wọ̀ ọ́, òun gbé báàgì dání, a jọ jáde, nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń fojú bi í, ó ní bí òun ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Ìwọ náà rántí pé tí oníbàárà bá ti fẹ́ yan àwọ̀ fún àga ní ṣọ́ọ̀bù mi, ìyá rẹ á kàn dédé gbé omi dé, á sì dúró títí oníbàárà á fi lọ. Mo rò pé torí òùngbẹ ni. Mo mu omi gan-an láyé mi. Ó ní ohun tí òun ṣe pa á mọ́ ni pé òun ò fẹ́ kí n wá máa sá fún iṣẹ́ tí mo mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ní òun ì bá má sọ ọ́ títí, ṣùgbọ́n òun ò lè jókòó kí òun máa wo àkàbà Pẹ́ńtà lójoojúmọ́.

Mo ṣì ń retí pé ìyá rẹ ló ń ṣàṣìṣe. Ó mú mi lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì tó ń wo ojú nílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ṣí ìwé kan tó kún fún àmì roboto kéékèèké, ó ní nọ́ńbà wo ni mo rí níbẹ̀. Mo ní òkúta wẹ́wẹ́ ni mo rí, bí èyí tí wọ́n máa ń dà sílẹ̀ fún ìpìlẹ̀ ilé. Ó ṣí òmíràn, òkúta. Mo bá a kẹ́dùn, mo ní ìwé náà ti gbó, nọ́ńbà ti ń ṣí kúrò lára rẹ̀, kí ọ̀gá wọn bá wọn ra tuntun. Ẹ̀yìn mi ni mo ti gbọ́ tí ìyá rẹ rọra ń ka nọ́ńbà náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń ṣí ìwé. Ìgbà náà ni mo tó dákẹ́. Nọ́ọ̀sì ní wọ́n bí i mọ́ mi ni, kò ní oògùn, kò sì ní fọ́ mi lójú. Ó ní ewé àti pupa ni kì í wọ ojú mi bí wọ́n ṣe rí, àwọn ni mo ń rí bí eérú, ṣùgbọ́n eérú gan-an, bí àwọn yòókù ṣe ń rí i ni èmi náà ń rí i. Mo wá mọ̀ pé ẹ̀rọ báńkì ò kórìíra mi. Ó tún ní ó máa ń gba ara ọmọ obìnrin kọjá láìṣe é ní nǹkan kan, ó sì lè lọ jókòó sójú ọmọkùnrin tó bá bí. Torí náà, lọ́jọ́ iwájú, bí o bá bí ọkùnrin tó sì ya igi tó fi eérú kun ewé rẹ̀, má nà án. Pè mí.

Nígbà tí a délé, a gba ẹ̀yìnkùlé lọ síbi tí mo gbin tòmátò sí. O mọ̀ pé ìka ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́ kí n tó mọ èyí tó pọ́n, mo sì máa ń gbóòórùn rẹ̀. Mo rò pé bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ìyá rẹ ní rárá, pé àwọn yòókù kàn ń wò ó lókèèrè ni, pupa rẹ̀ á sì máa pè wọ́n láàárín ewé. Mo dúró níbẹ̀ pẹ́. Mo ní kó sọ fún mi bí ewé ṣe rí. Ó ní ó dà bí ìgbà tí omi tútù bá kan ojú èèyàn lẹ́yìn tí oòrùn ti pa á. Ó rò ó, ó ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Má rò pé inú mi bà jẹ́ o. Ohun tí mi ò rí rí, mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàárò rẹ̀. Ohun tí mò ń rò ṣáá ni pé láti ìgbà èwe wa la ti jọ ń jókòó lẹ́yìn ilé yìí tí a ń wo nǹkan, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà là ń wò.

Ọ̀rọ̀ Pẹ́ńtà ló wá kù. Mo bá a níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń fi ọ̀bẹ ha agolo. Kò dáhùn nígbà tí mo kí i. Mo jókòó, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti nọ́ọ̀sì, ti kókó òwú, mo sì bẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́ mi tán. Ó bi mí bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi yìn ín nígbà kan pé eérú tó fi kun kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá ilé ìwé dára púpọ̀, tó jẹ́ pé ewé ni. Mo ní ó ní láti jẹ́ òun ni. Ó ní láti ìgbà náà ni òun ti rò pé mo fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti gbà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo sọ, àwọn tó ń fún òun níṣẹ́ ló gbọ́ ọ, ẹnì kan tó ti ní kí òun wá kun ilé rẹ̀ sì ti dákẹ́. Ó ní ibi tí mo ti sọ tàkọ́kọ́, ibẹ̀ náà ni kí n lọ sọ èyí.

Ọmọ mi, ó le. Mo rìn yí ilé po kí n tó wọlé. Àwọn obìnrin yẹn ti jókòó sórí bẹ́ńṣì. Mo dúró láàárín pálọ̀, mo ní Pẹ́ńtà ò jalè, agolo méjì ló rà, àwọ̀ méjì ló kùn, ojú tèmi ni kò mọ ewé yàtọ̀ sí eérú láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Ìyá rẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Obìnrin tó kọ́kọ́ sọ fún mi pé òun rí ewé wá rọra bi mí pé àwọ̀ wo ni aṣọ tó wà lọ́rùn òun. Mo wò ó dáadáa, mo ní eérú. Ó ní pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ni. Ilé bú sẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rín in, mo sì rí i pé mi ò kú. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹni tó ti dákẹ́ fún Pẹ́ńtà ti ránṣẹ́ pè é.

Ó ku ká mú ọ̀kan nínú àwọ̀ méjèèjì. Mo ti rí i pé ìyá rẹ yí ẹ̀rọ rẹ̀ padà kó lè dojú kọ apá òsì ògiri, apá tí wọ́n ní ó jẹ́ ewé, bó bá sì ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ibẹ̀ ló ń wò. Mo lọ bá Pẹ́ńtà jẹ́jẹ́, mo ní ewé ni kó rà, kó má sọ fún ìyá rẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ tó gbé agolo ńlá dé, mo ní kó ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ fún mi, torí mi ò gbára lé ojú mi mọ́. Ó ní eérú. Mo ní kí ló dé. Ó ní ìyá rẹ ti wá bá òun lẹ́yìn mi, ó ní eérú ni kí òun rà, kí òun má sì sọ fún mi, òun ò mọ ẹni tí òun ì bá gbọ́ tirẹ̀, òun bá gbọ́ ti ẹni tí ojú rẹ̀ ríran.

Mo lọ bi ìyá rẹ. Ó ní lóòótọ́ ni, òun fẹ́ràn ewé yẹn. Ó ní ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi ewé kun pálọ̀, òun nìkan ni á máa gbé inú rẹ̀, èmi á sì wà nínú pálọ̀ mìíràn, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ara wa la jókòó sí. Ó ní eérú ni nọ́ọ̀sì sọ pé àwa méjèèjì ń rí bákan náà. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń dá rí nǹkan nínú ilé yìí, ó ti rẹ òun.

Mo gbé àga mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀, a jọ ń wo Pẹ́ńtà bó ṣe ń kùn ún lọ títí ó fi dé igun. Ó dára, ọmọ mi. Wá wò ó nígbà tí o bá ráyè.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó, má bínú. Owó iṣẹ́ Pẹ́ńtà ò tíì pé, mo sì fẹ́ fi díẹ̀ lé e nítorí ohun tí mo sọ sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, mo fẹ́ kí o bá mi ra agolo ọ̀dà kékeré kan níbẹ̀, ewé, kó jẹ́ irú èyí tó ń pariwo. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí ìyá rẹ máa ń dojú kọ bó bá ń dáná ni mo fẹ́ fi kùn. Mi ò lè rà á fúnra mi, mo lè gbé pupa dé. Kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà pé ewé ni, kí o sì dì í kí ìyá rẹ má bàa rí i. Mo mọ̀ pé ìnáwó ti pọ̀ lọ́wọ́ rẹ, kì í ṣe dandan lóṣù yìí.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ lọ, kó ṣọ́ ọ bọ̀. Kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ má rẹ̀yìn. Ohun tí ojú rẹ ò bá rí, kó má ṣe ọ́ ní jàǹbá, kí o sì rí ẹni tí á máa bá ọ rí i, tí á máa gbé omi bọ̀ lásìkò, tí kò ní fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.